Tí Dókítà Bá Ní Kẹ́ Ẹ Wá Ẹni Tó Máa Fún Èèyàn Yín Ní Kíndìnrín: Bẹ́ Ẹ Ṣe Máa Ṣe É Láì Ra Èèyàn, Láì Fipá Mú Èèyàn

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ẹ jẹ́ kí n kọ èyí sílẹ̀ fún yín, torí mo rí i pé tí dókítà bá ti sọ fún ẹbí kan pé kíndìnrín ẹni yín méjèèjì ti kọṣẹ́, ẹ lọ wá ẹni tó lè fún un ní ọ̀kan, ẹkún ló máa ń kọ́kọ́ sọ, lẹ́yìn náà wọ́n á pe ìpàdé, ìgbà tí ìpàdé bá tú tán ni ẹnìkan á wá fa ẹnìkejì sí kọ̀rọ̀ pé "ṣé a ò kúkú lè rí ọmọ kan tá a máa fún lówó ni?" Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú dání ò ju ẹyọ kan lọ: ẹ̀bùn ni ẹ̀yà ara, ẹni tó ni ín nìkan ló lè fi tọrẹ, ẹni yẹn sì gbọ́dọ̀ lè sọ pé òun ò ṣe, kí ẹnikẹ́ni má torí ẹ̀ bínú sí i.

Kẹ́ ẹ tó pe ẹnikẹ́ni jọ, ẹ padà lọ bá dókítà kíndìnrín yẹn, kẹ́ ẹ jókòó tì í dáadáa. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí kíndìnrín ẹ̀ ń ṣe wàhálà ló nílò tuntun o. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ló dà lára wọn jù nígbà ìbímọ, tàbí àgbo kan ni wọ́n mu, tàbí oògùn ara ríro tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́ láì bi ẹnikẹ́ni, tí wọ́n bá bá wọn fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ fúngbà díẹ̀, kíndìnrín wọn lè jí padà. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà ti fi ọdún gbọọrọ bà á jẹ́, ìyẹn ló máa ń ṣòro. Torí náà ẹ bi wọ́n: ṣé ó ti bà jẹ́ tán ni àbí ó ṣì lè sàn? Ṣé ọkàn ẹ̀ lágbára tó láti gba iṣẹ́ abẹ? Tá a bá fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lọ ńkọ́?

Ẹ̀rọ yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ló yẹ kéèyàn lọ, wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn wa ni ò lè lọ tó bẹ́ẹ̀ nítorí owó. Ní August 2025 ìjọba àpapọ̀ kéde pé àwọn já owó ẹ̀ wálẹ̀ láti 50,000 náírà sí 12,000 láwọn ọsibítù wọn kan, Federal Medical Centre Abẹ́òkúta sì wà lára ẹ̀, ẹ lọ bèèrè níbẹ̀, ẹ sì ṣírò owó mọ́tò láti Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí Ìpẹru mọ́ ọn. Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé ẹ̀rọ yẹn ń ra àkókò fún yín, ẹbí tí àkókò bá wà lọ́wọ́ ẹ̀ ò ní máa fi ìkánjú wá ẹni tó máa dùbúlẹ̀ fún ọ̀bẹ. Mo mọ̀ pé kò rọrùn fún aláìsàn. Ẹni tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, wíwọ̀n ni wọ́n ń wọn omi tó máa mu lóòjọ́ fún un, abọ́ gàrí Ìjẹ̀bú kíkan tó ń fi omi tútù àti ẹ̀pà pa ọ̀sán tẹ́lẹ̀, ọmọ ẹ̀ ló ń wò báyìí tó ń mu ún níwájú ẹ̀, á gbé ojú ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ìyà tó ń jẹ ẹ́ ò sọ kíndìnrín ẹlòmíì di gbèsè tí wọ́n jẹ ẹ́.

Kẹ́ ẹ sì mọ ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀ gan-an, kẹ́ ẹ lè ṣàlàyé fún àwọn àgbà. Iṣẹ́ yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. December 1954 ni Dókítà Joseph Murray àti àwọn èèyàn ẹ̀ yọ kíndìnrín kan lára Ronald Herrick ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n gbé e fún ìbejì ẹ̀, Richard. Ọdún mẹ́jọ ni Richard lò sí i láyé, ó tún fẹ́yàwó, ó bímọ. Ronald tó yọ̀ǹda tiẹ̀, 2010 ló tó kú, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún dáadáa. Nílẹ̀ wa níbí, St. Nicholas Hospital ní Èkó ló kọ́kọ́ ṣe é, ní 2000, Ilé-Ifẹ̀ náà ṣe é ní 2002, torí náà kẹ́ ẹ má ta ilẹ̀ bàbá yín nítorí àtilọ ṣe é ní India láì tíì bèèrè nítòsí. Wọn kì í sábà yọ ti àtijọ́ kúrò, ìsàlẹ̀ ikùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni wọ́n ń gbé tuntun sí, wọ́n á so ó mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ àti àpò ìtọ̀.

Ó wá kan bẹ́ ẹ ṣe máa bèèrè. Ibí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀ kà á, torí ibí ni ọ̀pọ̀ ẹbí ti ń ba ara wọn jẹ́.

Ẹ má jẹ́ kí aláìsàn fúnra ẹ̀ jókòó síbi ìpàdé yẹn. Ta ló fẹ́ wo ojú ọmọ ìyá ẹ̀ tó ti wú, tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ti wú, kó wá sọ pé òun ò lè ṣe é? Ẹ má sì jẹ́ kí ẹni tó ń bọ́ ilé ló máa bèèrè. Tí ẹ̀gbọ́n tó ni ilé tí gbogbo yín ń gbé, tó ń san owó skúùlù àwọn ọmọ yín, tí ilẹ̀ bàbá yín wà níkàwọ́ ẹ̀, bá dìde pé "ta nínú yín ló máa fún àbúrò mi?", àṣẹ nìyẹn, kì í ṣe ìbéèrè mọ́. Ẹ wá ẹnìkan tí ò ní nǹkan kan tó lè fi fìyà jẹ ẹnikẹ́ni, bí ìyàwó pásítọ̀, tàbí àbúrò ìyá yín kan tí ẹnu ẹ̀ gba ọ̀rọ̀, tó sì lè pa àṣírí mọ́. Kó sọ ọ́ báyìí:

"Ẹ gbọ́ o, dókítà ní kíndìnrín àǹtí yín ti kọṣẹ́. Wọ́n ní tí ẹni tára ẹ̀ le bá fún wọn ní ọ̀kan, wọ́n lè pẹ́ láyé láì máa lọ síbi ẹ̀rọ. Mi ò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan lónìí, ẹ má dá mi lóhùn. Nọ́ńbà nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó o nìyí. Ẹni tó bá wù láti mọ̀ sí i, kó pè wọ́n fúnra ẹ̀, kó má sọ fún mi pé òun pè, kó má sì sọ fún mi pé òun ò pè."

Ó tán. Kẹ́ ẹ gbé oúnjẹ wá, kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹ má pín nọ́ńbà yẹn kẹ́ ẹ wá máa pe wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lálẹ́ pé "báwo lo ṣe rò ó sí?"

Nílé olórogún, ẹ tún gbọ́dọ̀ ṣọ́ra sí i, torí tí ọmọ ìyá kan ò bá fún ọmọ ìyá kejì, ọ̀rọ̀ tó ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ tí bàbá ti kú ni wọ́n máa gbé sórí ẹ̀. Kẹ́ ẹ sì wo àwọn obìnrin ilé dáadáa. Káàkiri ayé, àwọn obìnrin ló ń fi kíndìnrín tọrẹ jù nígbà ayé wọn, ọkùnrin ló sì ń gbà á jù, lára ohun tó sì ń fà á ni pé ẹnu ọ̀pọ̀ nínú wọn ò gba pé kí wọ́n kọ̀. Ìyàwó tí wọ́n ń sọ fún pé "ṣebí o ní o fẹ́ràn ẹ̀", ẹ gba tiẹ̀ rò. Ọmọ tí ò tíì pé 18, òfin ò gbà kí wọ́n yọ irú ẹ̀yà ara bẹ́ẹ̀ lára ẹ̀, ẹ má dárúkọ ẹ̀ rárá. Ọmọ ọ̀dọ̀, ọmọ iṣẹ́ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín, ọmọ mọ̀lẹ́bí tẹ́ ẹ gbà tọ́ láti abúlé, èmi ò rò pé ó yẹ kẹ́ ẹ bi wọ́n, kódà bí wọ́n bá fúnra wọn sọ pé àwọn fẹ́ ṣe é, ẹ jẹ́ kí dókítà àti àwọn òbí wọn dá sí i, kó má lọ jẹ́ oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ lọ́dọ̀ yín ló ń sọ̀rọ̀.

Nǹkan kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Ẹni tó bá lọ fún tẹ́ẹ̀sì tí ọkàn ẹ̀ bá yí padà, ó lè sọ fún dókítà ní òun nìkan, kó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kàn sọ fún ẹbí pé àwọn ò lè lò ó, kí wọ́n má fi ìdí ẹ̀ hàn. Àwọn dókítà tó ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀ ọ́n, ọ̀pọ̀ wọn ló ń ṣe é. Ẹ rí i dájú pé gbogbo ẹni tó ń lọ fún tẹ́ẹ̀sì mọ̀ pé ilẹ̀kùn yẹn ṣí sílẹ̀ títí di àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ.

Tẹ́ẹ̀sì náà pọ̀. Wọ́n á wo irú ẹ̀jẹ̀, oní O lè fún ẹnikẹ́ni, oní AB lè gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, wọ́n á wo bí ara àwọn méjèèjì ṣe bára mu, wọ́n á wá wò ó bóyá ara ẹni tó fẹ́ gbà á máa bá tuntun yẹn jà. Ọmọ ìyá ọmọ bàbá kan náà ló ń sábà bára mu jù, ṣùgbọ́n ọkọ lè fún aya, ọ̀rẹ́ lè fún ọ̀rẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà, àrùn ẹ̀dọ̀ (hepatitis), HIV, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n á wò, wọ́n á ya àwòrán kíndìnrín méjèèjì. Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi ẹnu ara yín bèèrè ni APOL1. Àwọn onímọ̀ rí i ní 2010 pé irú jíìnì yìí kan wà tó ń jẹ́ kí kíndìnrín tètè bà jẹ́, ó sì wọ́pọ̀ láàárín àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Yorùbá pọ̀ nínú ẹ̀. Ó jọ pé torí pé ó ń dáàbò bo èèyàn lọ́wọ́ àrùn oorun tí eṣinṣin ń gbé kiri ló ṣe tàn kálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gbà á lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, ewu tiẹ̀ pọ̀ jù. Ẹ wò ó ná, ẹ̀gbọ́n tí kíndìnrín ẹ̀ ti bà jẹ́, àbúrò tó fẹ́ fún un, inú ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wọ́n ti wá, tó bá jẹ́ pé àbúrò náà ní in lọ́nà méjèèjì, ẹ lè máa gba ẹnìkan là kẹ́ ẹ sì máa sọ ẹnìkejì sínú àìsàn kan náà. Kì í ṣe gbogbo ọsibítù ló ń ṣe tẹ́ẹ̀sì yìí, ẹ sáà bèèrè.

Ẹ sọ ewu ẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ fúnni, ẹ má bò ó. Nínú 10,000 èèyàn tó bá yọ kíndìnrín kan fún ẹlòmíì, iye tó ń kú nídìí iṣẹ́ abẹ ò sábà ju èèyàn mẹ́ta lọ. Ó kéré, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èèyàn yín ńkọ́. Á lo ọjọ́ díẹ̀ ní ọsibítù, á tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kó tó lè ṣiṣẹ́ agbára. Èyí tó kù á máa ṣiṣẹ́ kún iṣẹ́, ọ̀pọ̀ ló ń lo ayé wọn lọ láìsí nǹkan kan. Ewu kí kíndìnrín tòun náà kọṣẹ́ lọ́jọ́ iwájú ga díẹ̀ ju bó ṣe máa rí ká ní kò yọ ọ̀kan lọ, obìnrin tó ṣì fẹ́ bímọ, ẹ̀jẹ̀ ríru nínú oyún lè pọ̀ sí i, kó bá dókítà sọ ọ́ kó tó gbà.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ ti owó. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè wa tí wọ́n ṣe ní 2014 sọ ọ́ kedere pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn gba owó tàbí èrè lórí ẹ̀yà ara tó fi tọrẹ, àyàfi owó tó ná jáde nídìí ẹ̀. Torí náà ohun tẹ́ ẹ lè san ni owó mọ́tò, owó tẹ́ẹ̀sì, owó oúnjẹ, owó ibi tó sùn, àti ohun tó pàdánù nídìí iṣẹ́ ẹ̀. Ìyá tó ń ta gàrí ní Òkè-Ajé tí ò ní lè gbé ẹrù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó tọ́ kẹ́ ẹ san ohun tí ìsọ̀ ẹ̀ ì bá pa wọlé, kẹ́ ẹ sanwó ọmọ tó ń bá a jókòó sí i, n kò tiẹ̀ rí bí ẹbí ṣe máa ní àwọn fẹ́ràn ẹni tó yọ̀ǹda ara ẹ̀, tí wọ́n á jẹ́ kí ọjà ẹ̀ kú. Ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé, oye àti ìdí, kí lọ́yà tàbí òṣìṣẹ́ ọsibítù tó ń bá ẹbí aláìsàn sọ̀rọ̀ (social worker) bá yín wò ó. Ilẹ̀ ńkọ́? Mọ́tò ńkọ́? Ìlérí pé "a máa mú ẹ lọ òkè òkun" ńkọ́? Ìyẹn ti di títà.

Gbogbo wa la gbọ́ ti Sẹ́nétọ̀ Ike Ekweremadu. Ọmọ wọn ń ṣàìsàn kíndìnrín, ìyà ńlá ni fún òbí, mi ò fi ìyẹn ṣeré. Wọ́n mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tajà ní títì Èkó lọ sí London kó lè fún ọmọ wọn ní kíndìnrín, wọ́n pè é ní mọ̀lẹ́bí ọmọ wọn, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Àwọn dókítà ní Royal Free Hospital ò gbà á, ọ̀dọ́mọkùnrin náà fúnra ẹ̀ ló padà wọ ọ́fíìsì ọlọ́pàá lọ. Ní March 2023 ilé ẹjọ́ dá Sẹ́nétọ̀, ìyàwó ẹ̀ àti dókítà kan lẹ́bi, ní May wọ́n rán Sẹ́nétọ̀ lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́sàn-án àti oṣù mẹ́jọ. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí níbẹ̀ ni irọ́ "mọ̀lẹ́bí" yẹn. Tẹ́ ẹ bá ti rí ara yín tẹ́ ẹ ń kọ́ ẹnìkan ní ohun tó máa sọ níwájú dókítà, ẹ dúró níbẹ̀. Tí ajẹ́ntì kan bá pè yín pé òun mọ ibi tí wọ́n ti ń rí i, NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti kíkó èèyàn ṣòwò, lẹ máa fi tó létí.

Kẹ́ ẹ sì ka owó oògùn kẹ́ ẹ tó gé ẹnikẹ́ni. Ẹni tó gba kíndìnrín tuntun á máa lo oògùn bíi tacrolimus lójoojúmọ́ ní gbogbo ìgbà tí kíndìnrín yẹn bá wà lára ẹ̀, kí ara má baà kọ̀ ọ́. Tí owó ọdún kan ò bá sí nílẹ̀, tẹ́ ẹ ò sì mọ ibi tí ti ọdún kejì ti máa wá, ẹ ní sùúrù. Ẹbí tó fi gbogbo owó ṣe iṣẹ́ abẹ tí oògùn wá tán lóṣù kẹfà, ẹ̀bùn èèyàn ni wọ́n fi ṣòfò.

Ọ̀nà mìíràn wà tí ò ní kí ẹnikẹ́ni tó wà láàyè dùbúlẹ̀, ìyẹn kéèyàn fi ẹ̀yà ara ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ikú. Lọ́dọ̀ wa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ara alààyè nìkan ni kíndìnrín ti ń wá. Ká tó dé orí kíndìnrín òkú, ojú ni mo rò pé ó yẹ ká fi bẹ̀rẹ̀, awẹ́ tín-ínrín tó wà níwájú ẹyinjú, láàárín wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn ikú ni wọ́n ń yọ ọ́, iṣẹ́ náà ò pẹ́, kò ba ojú òkú jẹ́, Mùsùlùmí tó fẹ́ sìnkú ẹ̀ lọ́jọ́ náà á ṣì sin ín. Àpérò àwọn onímọ̀ òfin Ìsìláàmù ní Jeddah fọwọ́ sí fífi ẹ̀yà ara tọrẹ ní 1988 tí kò bá ti sí títà níbẹ̀, Póòpù John Paul Kejì náà yìn ín ní 2000. Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é: òfin 2014 yẹn gbà kéèyàn kọ ọ́ sínú wíìlì, tàbí sínú ìwé tó fọwọ́ sí níwájú ẹlẹ́rìí méjì. Ẹ kọ ẹ̀yà tẹ́ ẹ fẹ́ fi sílẹ̀ àti èyí tẹ́ ò fẹ́, ẹ fún ẹni tó máa kọ́kọ́ gbọ́ ikú yín ní ẹ̀dà kan, kì í ṣe kẹ́ ẹ tì í mọ́ àpótí. Kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ lójú gbogbo ilé. Awùjalẹ̀ Ọba Sikiru Adétọ̀nà fẹnu ara wọn sọ ọ́ nígbà ayé wọn pé ó yẹ kí wọ́n lè sin ọba bí ẹ̀sìn ẹ̀ ṣe wí, nígbà tí wọ́n wàjà ní July 2025, ìlànà Mùsùlùmí ni wọ́n fi sin wọ́n. Ọba ńlá nìyẹn, tí àṣà tó wà lórí òkú wọn ju tiwa lọ, ohun tí wọ́n wí ló ṣẹ. Tìrẹ tó ò bá sọ, àwọn mọ̀lẹ́bí ò ní mọ ohun tí wọ́n máa dì mú.

Mo mọ ẹ̀rù tó ń ba àwọn èèyàn. Ní Ògùn yìí, a ti gbọ́ tí ọlọ́pàá mú àwọn tó ń fi ẹ̀yà ara èèyàn ṣe oògùn owó, ẹni tó bá sọ pé òun ò fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan òkú ìyá òun, kì í ṣe òpè. Ìlànà tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, là sílẹ̀ ni pé dókítà tó bá sọ pé èèyàn ti kú kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó máa yọ ẹ̀yà ara ẹ̀ tàbí tó máa gbé e fún ẹlòmíì. Ẹ bèèrè ìyẹn, ẹ bèèrè ìwé tó sọ ohun tí wọ́n yọ àti ibi tó lọ. Ọsibítù tí ò bá lè fún yín, ẹ má gbà.

Ìdí ẹ̀ nìyí tí mi ò fi tíì fara mọ́ àwọn tó ń ní kí Nàìjíríà ṣe bíi Wales ní 2015 àti England ní 2020, pé kí gbogbo ẹni tí ò bá ti kọ̀ di ẹni tó gbà. Spain ni wọ́n máa ń tọ́ka sí, wọ́n ṣe irú òfin yẹn ní 1979 lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n dá àjọ wọn sílẹ̀ ní 1989, tí wọ́n fi dókítà sáwọn ọsibítù tí iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ kó bá ẹbí òkú sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ni nǹkan tó yí padà, títí dòní wọ́n ṣì ń béèrè lọ́wọ́ ẹbí, àwọn sì ni wọ́n wà lókè pátápátá láyé. Iran ní tiwọn ń jẹ́ kí wọ́n san owó fún ẹni tó fi kíndìnrín ẹ̀ sílẹ̀, àwọn aláìní ló sì ń tò síbẹ̀. Ti Israel ni mo fẹ́ràn díẹ̀, òfin wọn ti 2008 ń fi ẹni tó ti forúkọ sílẹ̀ láti fúnni ṣíwájú lórí ìlà tóun náà bá nílò.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe nǹkan kan ju ti ẹbí yín lọ, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ yín, ẹgbẹ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ jẹ́ ẹgbẹ́ ọjọ́ orí, wà níbẹ̀. Ẹ̀ ń pàdé lóṣooṣù, ẹ̀ ń dá owó aṣọ Ojúde Ọba, ẹ fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sílẹ̀ níbi ìpàdé kan, ẹ pe dókítà kíndìnrín kan láti Ṣàgámù tàbí Ìlíṣàn, kẹ́ ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lọ́jọ́ yẹn, torí kíndìnrín tí ò bà jẹ́ ò nílò kí ẹnikẹ́ni fi tiẹ̀ tọrẹ. Kẹ́ ẹ kọ lẹ́tà sí aṣojú yín nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ní Òkè-Mọsàn pé kí ìpínlẹ̀ ní rẹ́jísítà tiẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ fi ẹ̀yà ara sílẹ̀, kí ìjọba sì máa sanwó tẹ́ẹ̀sì ọdọọdún fún gbogbo ẹni tó ti fún èèyàn ní kíndìnrín: ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀, ẹ̀jẹ̀. Kó tó di pé ìjọba dáhùn, ẹ̀yin ẹbí tó gba ẹ̀bùn ni kẹ́ ẹ máa san án, lọ́dọọdún, kẹ́ ẹ sì máa mú ẹni náà lọ fúnra yín.